Ọwọ́ Òsì Lórí Iyanrìn Gomari

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Ní Ìgbájọ tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ wa pupa, ó sì le. Bí èèyàn bá fi igi kọ nǹkan sí i, igi ni yóò ṣẹ́. Ní Maiduguri, ilẹ̀ rí bíi gàrí. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á rì díẹ̀, ojú ẹsẹ̀ á sì dúró síbẹ̀ títí atẹ́gùn yóò fi wá gbé e. Ní ọjọ́ tí mo dé, mo dúró lẹ́nu géètì ilé àǹtí mi ní Gomari, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ojú ẹsẹ̀ mi tó tò tẹ̀lé mi wá láti ojú títì. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ó dáa, ilẹ̀ ti mọ̀ pé mo dé.

Ilẹ̀ nìkan ló mọ̀ nígbà náà. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń fi ariwo wọ̀lú. Ojú máa ń tì mí. Bí mo bá wọ ibi tí èèyàn mẹ́ta wà, ohùn mi á sá pamọ́ sínú ikùn. Màmá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi lójú àlejò, ebi ni yóò pa mí. Àbúrò rẹ̀, Àǹtí Ṣadé, tí ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Maiduguri ṣáájú kí ó tó bí ọmọ, ló ní kí n wá bá òun gbé, kí n máa mú Tómi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sílé-ìwé kí n sì máa mú un bọ̀. Mo gbà. Mo rò pé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, ojú ò ní tì mí mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rán èmi àti Tómi lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń ta tíì ní ìyànà wa. Bí mo ṣe rí irùngbọ̀n funfun rẹ̀, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Bàbá náà fò sókè, kẹ́tùlù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Subhanallahi! Me ya faru?"

Ó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Àwọn tó ń mu tíì dìde. Ọ̀kan ti bu omi, ó fẹ́ dà á lé mi lórí. Tómi ló gbà mí sílẹ̀. Ọmọ ọdún méje, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dúró dáadáa.

"Gaisuwa ce, Baba! Ó ń kí yín ni!"

Nígbà tí bàbá náà mọ̀ pé ìkíni ni, ẹ̀rín pa á, ó sì fi búrẹ́dì kan lé e fún wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá, á nawọ́ sókè, á kígbe, "Mai durƙusawa!" Ìyẹn ni pé ẹni tí ń kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ní orúkọ ní Maiduguri nìyẹn.

Tómi kìlọ̀ fún mi lọ́nà. "Àǹtí kékeré, níbí, a kì í ń ṣe báyẹn. Sọ 'ina kwana', kí o wuce."

Ó ní kí n kàn kí wọn ẹ káàárọ̀, kí n máa kọjá lọ. Bí ó ṣe ń sọ Yorùbá nìyẹn. Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù. Bí àǹtí mi bá bá a wí ní Yorùbá, á fi Hausa bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, bí a bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Yorùbá ń lọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa sáré kiri, wọ́n á máa bá ara wọn jà ní Hausa, àwọn ìyá wọn á sì máa fi Yorùbá pè wọ́n wálé. Ó ń yà mí lẹ́nu. Mo wá rí i pé èmi tí mo mọ Yorùbá délẹ̀ kò lè ra iyọ̀ láìpe ọmọ ọdún méje kó wá ṣe ògbufọ̀ fún mi.

Mo ń dá wà, ká má purọ́. Ooru ọ̀sán ibẹ̀ a máa lé gbogbo èèyàn wọlé, àdúgbò á pa rọ́rọ́. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé, mo máa ń ronú òjò ilé wa, bó ṣe máa ń rọ̀ sórí páànù títí ẹnikẹ́ni kò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, tí inú mi á dùn pé kò sẹ́ni tó lè ní kí n sọ̀rọ̀.

*

Nínú ìdákẹ́ yìí náà ni mo ti bá iṣẹ́ pàdé. Mo máa ń mú Tómi dé ilé-ìwé rẹ̀, ilé-ìwé kékeré kan tí kò jìnnà sílé, mo sì máa ń jókòó sábẹ́ igi dógóyárò tó wà ní àgbàlá títí wọn yóò fi jáde. Mo sọ fún àǹtí mi pé mo fẹ́ máa dáàbò bo Tómi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà ṣìnà bí mo bá dá nìkan padà.

Olùkọ́ Tómi ń wò mí láti ojú fèrèsé. Malama Rifkatu ni orúkọ rẹ̀, obìnrin gíga kan láti apá gúúsù Borno, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan ó yọrí síta, ó fi pijin bá mi sọ̀rọ̀, torí pijin nìkan ni èmi àti òun fi ń gbọ́ ara wa yé.

"Ìwọ, ṣé igi yẹn ló bí ọ ni? Wọlé wá bá mi mú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí."

Mo wọlé. Mi ò tún padà sábẹ́ igi mọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hẹdimásítà, gbà pé kí n di olùrànlọ́wọ́ kíláàsì Pírámárì Kínní. Iṣẹ́ mi ni láti nu imú, láti wá bàtà tó sọnù, láti gbẹ́ pẹ́ńsù. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Aunty. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà, kíka Gẹ̀ẹ́sì ò sì wọ̀ mí lórí, mo sì ti sọ fún ara mi pé ẹ̀yìn kíláàsì ni mo máa wà. Ṣùgbọ́n kíláàsì Malama Rifkatu kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní àpò kan tí ó máa ń kó nǹkan sí. Ọmọ á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, á fọwọ́ pa ohun tó bá níbẹ̀, á sọ bó ṣe rí ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ó rọ̀ ni o, bóyá ó le, bóyá ó tutù. Àwọn yòókù á wá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́, Tómi ti ọwọ́ bọ àpò, ó bá òkúta kan tó ṣe págunpàgun, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara kéde pé gìgísẹ̀ àǹtí òun ni. Gbogbo kíláàsì bojú wo ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ ò lanu kí ó gbé mi mì.

A tún máa ń jáde sí àgbàlá. Malama á fi igi kọ àwọn lẹ́tà sínú iyanrìn, gbàǹgbà gbàǹgbà, yóò pe ọ̀rọ̀ kan, ọmọ á sì máa fò láti orí lẹ́tà kan dé orí èkejì títí yóò fi fò ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹni tó bá fò síbi tí kò yẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ké "Ah-ah!", á padà lọ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan Malama ní, "Aunty, ó kan ìwọ." Mo ní rárá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo ká ìró mi sókè díẹ̀, mo fò "water". Mo fò ó já. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo ti fò kẹ́yìn kí ó tó di ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n eré tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, àṣìṣe mi ló bí i.

Malama ní kí a gé páálí, kí a kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà ní kíláàsì sórí rẹ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun náà: door, window, broom, bucket. Gọ́ọ̀mù ti tán. Mo ní kò burú, a kì í fi gọ́ọ̀mù dá ara wa láàmú nílé wa. Mo ro ògì kí ó ki dáadáa, mo fi lẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó mú gírígírí. Malama yìn mí. A ti ilẹ̀kùn, a lọ sílé, àfi pé ilẹ̀kùn náà kì í ti tán.

Nígbà tí a dé lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ funfun kan tí etí rẹ̀ kan ti gé wà láàárín kíláàsì, ó ń jẹ "window" lọ. Ó ti jẹ "door" tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ tó ló ti jẹ. Àwọn tó wà lókè nìkan ló kù. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé Maiduguri kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ògì sí ojú ògiri níwájú ewúrẹ́. Hẹdimásítà lé e jáde, ó ń bèèrè ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi fẹ́ sunkún.

Malama wo ògiri títí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo ni ewúrẹ́ jẹ?"

Ọwọ́ nà sókè jákèjádò kíláàsì. Àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ pe lẹ́tà ń jà láti pe ọ̀rọ̀ tí ewúrẹ́ jẹ. Wọ́n pè é, wọ́n kọ ọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà. Láti ìgbà náà, kí àwọn ọmọ tó dé láàárọ̀, Malama á yọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì kúrò lójú ògiri. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wá àlàfo náà kiri, wọ́n á sì kígbe orúkọ rẹ̀. Ewúrẹ́ náà ò padà wá fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n òun la máa ń dá lẹ́bi.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń kọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán kan, èmi àti Tómi ń kọjá níwájú ìsọ̀ bàbá oní tíì, ojú mi bọ́ sórí pátákó tó gbé kọ́. Mo ti ń rí pátákó náà láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò bìkítà. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kàn ṣí sílẹ̀ níwájú mi bí ilẹ̀kùn. Mo dúró, mo kà á sókè: "Hot Tea. Fresh Bread."

Bàbá náà pàtẹ́wọ́. "Mai durƙusawa ta iya karatu!" Tómi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ẹni tí ń kúnlẹ̀ ti mọ̀wé kà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo rántí omi tí wọ́n fẹ́ dà lé mi lórí lọ́jọ́sí, mo fi mọ sí ẹ̀rín.

*

Ọmọ kan wà ní kíláàsì náà tí kò kígbe rí. Falmata ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, tí ó ń pè ní Kaka, ló ń tọ́ ọ. Ogun ló lé wọn kúrò ní abúlé wọn, wọ́n sì wá ń gbé ní yàrá kan lẹ́yìn ilé-ìwé wa. Ọmọ náà dákẹ́ bí èmi. Bí a bá fò lẹ́tà, á fò ó já láìsí àṣìṣe. Bí a bá fi ìdérí ìgò míńírà tí a kọ lẹ́tà sí to ọ̀rọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ tò ó tán. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé pẹ́ńsù fún un, ìṣòro dé. Lẹ́tà rẹ̀ á máa wárìrì, á tẹ̀ síbí, á tẹ̀ sọ́hùn-ún, á rẹ̀ ẹ́, á sì gbé orí lé tábìlì.

Ní ìparí sáà, àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Hẹdimásítà ti sọ ọ́ gbangba: ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jáde síwájú, yóò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sára pátákó, kì í ṣe èyí tí a pè fún un. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ yóò padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Kaka náà sì ti sọ tirẹ̀ fún Malama: bí wọ́n bá dá Falmata padà sáàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, òun á mú un sílé kó wá máa bá òun ta kúlíkúlí.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, oúnjẹ ò wù mí jẹ lọ́jọ́ náà. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Bí èmi náà ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dá mi padà sí kíláàsì àwọn àbúrò mi torí pé ìwé mi ò ṣeé kà. Ojú tì mí. Mo lọ ní ọjọ́ kan, mo rí bí orúnkún mi ṣe ga ju tábìlì wọn lọ, mi ò sì lọ mọ́.

Ní ọjọ́ kan, ilé-ìwé ti pa, Falmata ń dúró de Kaka lábẹ́ dógóyárò. Mo ń gbálẹ̀ kíláàsì. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, igi kékeré kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sínú iyanrìn. Mo rọra jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ewúrẹ́ ti jẹ láti ìgbà náà ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, ní ìlà ìlà, wọ́n dúró gbọnrangandan bí ìgbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́.

Ó rí mi. Ó ju igi náà nù, ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́.

Ìdí tí kò fi sí ẹni tó mọ̀ kò le. Ní kíláàsì, bí ọmọ kan bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, gbogbo wọn á ké, "Hagu! Hagu!" Òsì ni hagu. Kaka sì ti kìlọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ òun lò ó. Malama ń gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ sí ọ̀tún. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Mo jókòó sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mú igi náà. Mo fi sí ọwọ́ òsì mi, ọwọ́ tí tíṣà wa ní Ìgbájọ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rúlà gbá títí mo fi gbàgbé pé ó ń kọ̀wé. Mo kọ "bucket". Falmata wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

*

"Ashe!" ni Malama Rifkatu wí nígbà tí mo mú un jáde wá wo ohun tó kù nínú iyanrìn. Ó mi orí títí. "A ti ń gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀wé kọ. Láti òní lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n Kaka ń kọ́?"

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀, Malama."

"Èmi? Bí mo bá sọ ọ́, á ní ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ìwọ ni kí o lọ."

"Malama, mi ò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn."

"Mo mọ̀. Ìdí tí yóò fi gbọ́ tìrẹ nìyẹn."

Mo pe màmá mi lórí fóònù. Màmá mi máa ń kígbe sínú fóònù bí ẹni tó ń pe èèyàn lórí òkè kejì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi! Ṣé ooru ò tíì yọ́ ọ tán? Ṣé o ń jẹun?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ Falmata fún wọn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Màmá?"

"Mò ń gbọ́. Nígbà tó o kéré, ògiri wa ò ní àyè mọ́ fún ohun tí ò ń kọ. Èédú lo fi ń kọ ọ́ sí ògiri ilé ìdáná. Hagu ni àbí kí lẹ pè é? Òun náà lo fi ń kọ ọ́. Mo rò pé tíṣà ló mọ̀ jù." Wọ́n gbé ìbànújẹ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì tún gbé ohùn sókè. "Ṣùgbọ́n gbọ́! Ìyá tó bí mi lọ́mọ, òsì ló fi ń rẹ́ ilá títí tó fi kú. Ta ló kọ ọbẹ̀ ẹ̀ rí? Bàbá wa a máa lá àwo! Lọ sọ fún ìyá náà."

Mo mú ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo mú ṣúgà díẹ̀, mo sì mú Tómi tí yóò ṣe ògbufọ̀ fún mi. Kaka jókòó lẹ́nu yàrá rẹ̀, ó ń yí kúlíkúlí. Obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ mú. Mo gbàgbé gbogbo ìkìlọ̀. Orúnkún mi kanlẹ̀.

Kaka fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ó sọ nǹkan, Falmata sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ní kí ló dé tó o ń kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí," ni Tómi wí. "Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ di ẹrù lé ọ ni."

"Sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, orúnkún la fi ń kí àgbà."

Kaka rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìbòrí nu ojú. Ó ní kí n jókòó lórí tabarma, ẹní ilé wọn. Ìgbà náà ni mo rí ewúrẹ́ funfun kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn yàrá, etí rẹ̀ kan ti gé. Mo wo Falmata. Falmata fi ìka sí ètè. Mo dákẹ́, ìdákẹ́ kúkú ni iṣẹ́ mi.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún fún Kaka ní ṣúgà. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ kúlíkúlí tó fún mi. Lẹ́yìn náà mo mú igi sí ọwọ́ òsì, mo kọ "Falmata" sínú iyanrìn níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Kaka.

"Ó ní ta ni yóò jẹ oúnjẹ ọwọ́ ọmọ tó ń lo hagu," ni Tómi wí. "Ó ní ta ni yóò gba omi lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilá náà. Mo sọ ti bàbá àgbà tó ń lá àwo. Mo ní, "Kaka, ọwọ́ tí yóò fi fún yín lómi ò ní yí padà. Ọwọ́ tí yóò fi kọ̀wé nìkan la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èmi náà, wọ́n gba tèmi. Mi ò tíì rí i gbà padà tán."

Mi ò mọ bí Tómi ṣe túmọ̀ rẹ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kaka wo orúkọ tó wà nílẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún òróró ẹ̀pà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. "To," ni gbogbo ohun tó wí, bí ẹni tó ní ó dáa, òun ti gbọ́. Ó di kúlíkúlí fún wa, ó ní kí a máa lọ.

*

Ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá, a ti gbá kíláàsì, a ti lẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun, gọ́ọ̀mù gidi la sì lò. Àǹtí Ṣadé gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá. Àwọn ọmọ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Tómi kọ ọ́ pé àǹtí òun kúnlẹ̀ fún tíì. Àǹtí mi yíjú wò mí, mo wo òrùlé.

Ìgbà tó kan Falmata, Kaka ò tíì dé. Hẹdimásítà pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè. Falmata jáde. Bí ó ṣe dé iwájú pátákó ni ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn: Kaka ló dé, ó fi aṣọ tuntun bora. Falmata rí i. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ òsì sí ọ̀tún.

Ó fa ìlà kan. Ó wárìrì. Ó dúró. Hẹdimásítà ń wo aago. Malama di ọwọ́ mi mú débi pé ìka mi ń dùn mí.

Kaka rìn wọ inú kíláàsì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ṣí ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sí i, ó sì pa ìka náà dé lé e lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Hagu!" ni ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn.

"Kai!" ni Kaka wí. Ọmọ náà tẹrí sábẹ́ tábìlì.

Falmata kọ̀wé. Ó kọ ọ́ bí ó ṣe kọ ọ́ nínú iyanrìn, gbọnrangandan, kò dúró: My Kaka has a white goat. It ate our words.

Malama ló kọ́kọ́ kà á tán, ẹ̀rín gbé e. Hẹdimásítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un fi, ó kà á. "Ah! Ta ló ni ewúrẹ́ yẹn kẹ̀?" Gbogbo ilé ti ń rẹ́rìn-ín. Kaka ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Malama túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ƙarya ne!" Kaka fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Akuyata ba ta cin takarda!" Irọ́ ni, ewúrẹ́ òun kì í jẹ ìwé! Ṣùgbọ́n ó ti mú ọmọ náà mọ́ra, ó fi aṣọ tuntun rẹ̀ bò ó, èjìká àwọn méjèèjì sì ń mì fún ẹ̀rín. Hẹdimásítà ní kí Falmata lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tí ń lọ sí Pírámárì Kejì. Ó sáré lọ.

Nígbà tí àwọn òbí ń túká, Malama na páálí funfun kan àti ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ sí mi. "Ọ̀rọ̀ kan ò tíì sí lójú ògiri yìí. Kọ ọ́ fún wa, a óò lẹ̀ ẹ́ sókè níbi tí ẹnu rẹ̀ ò lè dé."

Àwọn èèyàn ṣì pọ̀ nínú kíláàsì. Àǹtí mi wà níbẹ̀, Hẹdimásítà wà níbẹ̀. Ojú tì mí, bó ṣe máa ń tì mí láti kékeré, bóyá bó ṣe máa tì mí títí láé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sí ọwọ́ òsì. Mo kọ "goat".

"Aunty, hagu!" Falmata ló ké e. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, "Hagu! Hagu!", Tómi náà ń fò sókè láàárín wọn.

Mo kọ ọ́ tán. Mo wò ó, ó dúró dáadáa. Mo wá fi ọwọ́ ọ̀tún dá ṣọ́ọ̀kì padà fún Malama.